Orin Àtijọ́ Tí Àkọ́bí Kọ Lọ́dún Tó Kọjá

Olè tó gbé adìẹ, ẹ óò gbọ́ igbe adìẹ. Olè tó gbé ewúrẹ́, ẹ óò rí ipasẹ̀ ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n olè tó gbé orin, ẹ̀yin gan-an lẹ óò máa jó sí i, ẹ óò tún máa bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibi tí ayé dé nìyẹn, wọ́n sì ní ká máa pè é ní ọ̀làjú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, ọkùnrin kan tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Kọ́ńpìnnì dúró níwájú dígí, ó ń de bọ́tìnnì aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Dírẹ́bà ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, pé òun ló ń fi bọ́ọ̀sì kó àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá kan lọ, tó ń kó wọn bọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ aṣọ náà débi pé bí eṣinṣin bá bà lé e, yóò yọ̀ ṣubú. Bọ́tìnnì kẹta ló wà nígbà tí rédíò Nọ́ọ̀sì, aládùúgbò wọn tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbé orin kan jáde. Ìlù ńlá ló ṣíwájú, fèrè tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ohùn ọkùnrin kan wọlé, ohùn ẹni tó jẹun yó sùn:

*Ó wọṣọ iṣẹ́, ó ní ó dàbọ̀,*
*Abọ́ oúnjẹ ń lọ, abọ́ oúnjẹ ń bọ̀,*
*Ibi tí bàtà rìn dé, bàtà nìkan ló mọ̀ ọ́n.*
*Ẹ máa bọ̀ nílé, a ò ní í bi yín,*
*Ẹni tó jáde tó padà, ó ti mú nǹkan wálé.*

Ọwọ́ Bàbá Kọ́ńpìnnì dúró lórí bọ́tìnnì.

"Àkọ́bí! Ṣé kì í ṣe orin rẹ nìyẹn?"

Àkọ́bí, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ogún ọdún, wà nídìí tábìlì, ó ń ti búrẹ́dì bọ tíì. Ó ń tì í bọ̀ ọ́ títí búrẹ́dì náà fi já sínú ife.

"Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ o. Orin tí o kọ lọ́dún tó kọjá, tí o fi sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ló gbé e dé ẹnu ọkùnrin yẹn?"

Kó tó sọ̀rọ̀, Nọ́ọ̀sì ti yọjú lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ funfun iṣẹ́ òru ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀rín kún ẹnu. Obìnrin yìí, ọ̀rọ̀ kì í sùn mọ́jú nílé rẹ̀. Ohun tó bá gbọ́ láago méje, gbogbo àtẹ̀gùn ti gbọ́ ọ láago méje ààbọ̀.

"Bàbá Kọ́ńpìnnì, ẹ kú oríire o! Ìràwọ̀ Ọ̀sán ló ń kọ orin Àkọ́bí yẹn! Olórin ńlá! Gbogbo wa la jó o mọ́jú lẹ́nu iṣẹ́, àwọn aláìsàn gan-an ń mi orí. Ẹ ti dolówó nílé yìí, ẹ ò sọ fún wa."

"Nọ́ọ̀sì, èwo ni oríire? Ẹni tó wọlé onílé tó gbé ẹrù ẹlẹ́rù, a óò máa kí onílé kú oríire ni?"

"Ṣé kò gbàṣẹ ni?"

Gbogbo ojú yí sí Àkọ́bí. Ọmọ náà gbé ife sílẹ̀.

"Kò gbàṣẹ. Wọ́n sì ti yọ tèmi kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní èmi ni mo jí tirẹ̀."

Ariwo tí bàbá rẹ̀ pa, rédíò gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. Ìgbà wo? Ọjọ́ mẹ́fà sẹ́yìn. Wọ́n fún un ní ọjọ́ méje kó fèsì, ọjọ́ keje sì ti pé. Bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ bá lù láìjẹ́ pé ó fèsì, orin náà di ti Ìràwọ̀ Ọ̀sán pátápátá, wọ́n á sì ti ojú òpó Àkọ́bí pa, tòun ti orin mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó kù níbẹ̀.

"Ọjọ́ mẹ́fà, o jókòó tì í bí adìẹ tó sàba! Kí lo ń dúró dè?"

Àkọ́bí wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀, aránṣọ ni, ó wà nídìí ẹ̀rọ létí fèrèsé, kò gbójú sókè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ, ẹ̀rọ ń kùn.

Bàbá gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ. Ó ka ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó dúró, ó fa fóònù sẹ́yìn, ó tún sún un mọ́ ojú. Wọ́n ti ya àwòrán ohun tí Àkọ́bí kọ sábẹ́ fídíò rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, wọ́n fi ṣe ẹ̀rí: *Orin àtijọ́ ni o. Àwọn ìyá wa àgbà ló máa ń kọ ọ́.*

"Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni, bàámi."

"Ìyá wo ló máa ń kọ ọ́? Ìyá mi ni, tó jẹ́ pé bó bá kọrin, ajá àdúgbò á sá? Àbí ìyá ẹ tó wà níbẹ̀ yẹn, tí orin kan ṣoṣo tó mọ̀, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n rèé tó ti ń ṣì í kọ? Ìwọ fọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ pé kì í ṣe tìẹ! Ṣé orí rẹ pé?"

"Ẹ rọra," Nọ́ọ̀sì sọ. "Ọmọdé ni. Ó lè jẹ́ pé ó ń tijú ni. Ẹ̀gbọ́n mi náà, bó bá se ọbẹ̀ tó dùn, á ní iyọ̀ ló ṣe é."

"Ẹyin lọ̀rọ̀, Nọ́ọ̀sì. Ọmọ yìí ti jẹ́ kó bọ́." Ó wá rántí pé aṣọ iṣẹ́ wà lọ́rùn òun. Ó gbé fóònù tirẹ̀ sétí. "Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Mi ò ní lè wá lónìí o. Ọ̀rọ̀ ilé ni. Kí ẹlòmíràn bá mi gbé bọ́ọ̀sì náà jáde. Ẹ ṣé, ọ̀gá."

Ojú fóònù náà dúdú. Kò tẹ nọ́ńbà kankan. Ìyàwó rẹ̀ rí i, ó tún okùn tó fi ń wọn aṣọ ṣe lọ́rùn ara rẹ̀. Àkọ́bí rí i, ó ń fi ṣíbí wá búrẹ́dì tó rì. Nọ́ọ̀sì nìkan ló mi orí pé kọ́ńpìnnì náà mà láàánú o, ibo lòun ti lè rí irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀.

* * *

Nọ́ńbà kan wà lábẹ́ orin Ìràwọ̀ Ọ̀sán. Bàbá Kọ́ńpìnnì ní kí wọ́n pè é, kí wọ́n gbé ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo ilé gbọ́. Ẹni tó gbé e, ó ní òun ni alábòójútó iṣẹ́ olórin náà. Ohùn rẹ̀ tutù.

"Ẹ káàárọ̀ o, sà. Ẹ má bínú rárá. Ọmọ yín fúnra rẹ̀ ló sọ pé orin àtijọ́ ni. Orin àtijọ́, ta ló ni ín, sà? Gbogbo wa la ni ín. Ọ̀gá wa tún un tò, èyí tí wọ́n tún tò yẹn ló wá di tiwọn. Ẹ̀rọ ló rí i pé ti ọmọ yín jọ tiwọn, ẹ̀rọ ló sì yọ ọ́. Kì í ṣe èèyàn."

"Ẹ̀rọ yín ò mọ èyí tó kọ́kọ́ dé?"

"Orin àtijọ́ ti wà kí gbogbo wa tó dé, sà." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àmọ́ ohùn ọmọ yín dára o. A máa ya fídíò tuntun lóṣù tó ń bọ̀. Bó bá fẹ́, kó wá bá wa jó. Ẹ̀yìn ló máa wà, ṣùgbọ́n wọ́n á rí ojú rẹ̀."

Ó dágbére tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó gé e.

"Kó wá jó!" Bàbá Kọ́ńpìnnì ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín yàrá tí kò ju ìṣísẹ̀ márùn-ún lọ. "Wọ́n gba orin lẹ́nu ọmọ mi, wọ́n wá ní kó wá fi ìdí jó o fún wọn!"

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Àwọn èèyàn wọ̀nyí kì í fọ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n á kí ọ, wọ́n á pè ọ́ ní sà, wọ́n á ka ohun tí ìwọ fúnra rẹ kọ sí ọ létí. Ìgbà tó o bá fi máa pariwo olè, ìwọ ni wọ́n á máa wò.

Akọ̀wé lọ́yà kan wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé. Bàbá Kọ́ńpìnnì ní òun ń lọ bá a. Ó de bọ́tìnnì tó kù, ó jáde tìbínú-tìbínú, Nọ́ọ̀sì sì lọ sùn.

Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dún tán lórí àtẹ̀gùn, Àkọ́bí dìde.

"Màámi, ẹ fún mi ní fóònù mi."

"Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ ńkọ́?"

"Èyí tójú rẹ̀ fọ́ ni. Abẹ́ ìrọ̀rí mi ló wà títí di ọjọ́ Ajé."

Ìyá ń ran aṣọ lọ. Òwú ti já láti ìgbà tí Nọ́ọ̀sì ti ń sọ̀rọ̀, abẹ́rẹ́ kàn ń lu aṣọ lásán ni, kò mọ̀.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gba orin náà sílẹ̀. Òun nìkan ni ẹ̀rí tí mo ní."

"Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀," ìyá sọ. "Mo wà níbẹ̀."

Ohun tó wà nínú rẹ̀ rèé. Lọ́dún tó kọjá, Àkọ́bí jókòó sórí ibùsùn, ó ń kùn orin tí kò tíì ní ọ̀rọ̀, ó ń fìka lu tábìlì, fóònù ń gbà á sílẹ̀. Lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta pín yàrá sí méjì, bàbá rẹ̀ wọlé, kò mọ̀ pé ọmọ wà nílé. Ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀, ó ní ilé iṣẹ́ ti ta bọ́ọ̀sì náà, wọ́n sì ti dá òun dúró, oṣù mẹ́rin rèé. Ó ní ibùdókọ̀ lòun ń lọ láràárọ̀, pé inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibẹ̀ lòun ti ń bọ́ aṣọ iṣẹ́, tóun á máa bá wọn ru ẹrù títí di ìrọ̀lẹ́, kóun tó tún un wọ̀ wálé. Ó sunkún. Fóònù gba gbogbo rẹ̀. Kíkùn orin dákẹ́ nínú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ni ohùn Àkọ́bí tún padà, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀: *Ó wọṣọ iṣẹ́, ó ní ó dàbọ̀.*

Láti ọjọ́ náà, ẹni mẹ́ta ló ń gbé nínú yàrá náà, gbogbo wọn mọ̀, kò sẹ́ni tó sọ. Ìyàwó ń lọ aṣọ. Ọmọ ń di oúnjẹ sínú abọ́. Bàbá ń jáde.

"Ìwé yẹn bi mí pé, kí ló dé tí mo fi kọ ọ́ pé orin àtijọ́ ni," Àkọ́bí sọ. "Kí ni kí n sọ?"

"Má sọ nǹkan kan. Jẹ́ kó lọ. Orin ni wọ́n jí, wọn ò jí bàbá ẹ."

"Bàámi gan-an ni wọ́n jí, màámi. Òun ni wọ́n ń jó lé lórí nínú rédíò yẹn."

Ìyá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ohùn rẹ̀ le. "Bí iṣu ẹni bá ta, à á fọwọ́ bò ó jẹ. Ta ló ní kó o gbé tìẹ sí gbangba?"

"Mo fọwọ́ bò ó. Orin àtijọ́ ni mo fi bò ó! Kí ẹnikẹ́ni má baà bi mí pé, ta ni ọkùnrin tó ń gbé abọ́ oúnjẹ lọ. Nítorí bàámi ni mo ṣe sọ pé kì í ṣe tèmi."

Ìyá yí ojú sí fèrèsé. Ó wá òwú, ó ń gbìyànjú láti fi í bọ abẹ́rẹ́, kò wọlé. Àkọ́bí gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í bọ̀ ọ́ fún un. Kò sẹ́ni tó tún mẹ́nu ba fóònù.

* * *

Aago mẹ́ta ààbọ̀ ni Bàbá Kọ́ńpìnnì tó padà, òógùn ti mú aṣọ lílọ̀ yẹn rọ̀. Ìrẹsì tí wọ́n bù fún un lọ́sàn-án wà lórí tábìlì, ó ti tutù, kò wò ó.

"Akọ̀wé lọ́yà ní nǹkan méjì ni," ó sọ. "Ìkíní, ohùn tí o kọ́kọ́ gbà sílẹ̀, tòun ti ọjọ́ tó wà lára rẹ̀. Ó ní a ò gbọdọ̀ gé e rárá o. Bí a bá gé e, àwọn Ìràwọ̀ Ọ̀sán á ní a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é ni. Ìkejì, ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí o kọ ọ́, kó fi orúkọ rẹ̀ jẹ́rìí. Ó ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ohùn náà dà?"

Ìyá àti ọmọ wo ara wọn.

"Mo ní, ohùn náà dà?"

"Ó ti sọnù," ìyá sọ.

Ìgbà yẹn ni Nọ́ọ̀sì tún dé, ojú rẹ̀ wú fún oorun, fóònù rẹ̀ lọ́wọ́. "Àkọ́bí, o ní dátà yín ti tán. Mo ti ra tèmi, wá fi ránṣẹ́. Mi ò lè sùn, orin yẹn kò kúrò lórí mi." Ó jókòó sórí ibùsùn bí ẹni tí wọ́n pè wá jókòó. "Ó ku wákàtí kan lé díẹ̀. Ibo lẹ dé?"

Àkọ́bí ṣí ìwé náà lórí fóònù tuntun. Ó kọ orúkọ. Ó kọ ọjọ́. Nígbà tó dé ibi ìbéèrè orin àtijọ́ yẹn, ó gbé fóònù sórí itan.

"Bàámi, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Mo máa kọ òmíràn."

"Èwo ni o máa kọ òmíràn? Tí wọ́n bá tún gba ìyẹn ńkọ́?"

"Mo máa tún kọ."

Gbogbo ilé ń retí pé kí bàbá bú mọ́ ọn. Kò bú mọ́ ọn. Ó dúró, ó ń wo ọmọ náà. Gbogbo ariwo tó ti ń pa láti àárọ̀, mo rò pé ẹ̀rù ló ń pa á. Ó rìn lọ bá ìyàwó rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ.

"Dìde díẹ̀."

"Kí lẹ fẹ́ mú níbẹ̀?"

"Dìde, ìyàwó mi."

Ó dìde. Ọkùnrin náà fa àpótí abẹ́ ẹ̀rọ, ó tú àwọn àkísà aṣọ jáde, ó sì mú fóònù tójú rẹ̀ fọ́ láàárín wọn. Ó gbé e fún Àkọ́bí.

"Ṣé ẹ rò pé èmi ò mọ abọ́ oúnjẹ ara mi ni?" ó sọ. "Láti ọjọ́ tí mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orin yẹn ni mo ti mọ̀. Mò ń kọ ọ́ nínú ilé ìwẹ̀ kẹ́ ẹ lè rò pé mi ò mọ̀. Mo sì rí ibi tí ìyá rẹ tọ́jú fóònù yìí sí. Tàn án, ká gbọ́."

Nọ́ọ̀sì wo bàbá, ó wo ìyá, ó wá rí i pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ó dìde. "Ẹ jẹ́ kí n lọ gbé omi kaná, kí n…"

"Jókòó, Nọ́ọ̀sì. Ìwọ lo ni dátà."

Àkọ́bí tàn án. Ìka ń lu tábìlì nínú rẹ̀, ọmọ ń kùn. Ilẹ̀kùn dún. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọkùnrin, kò le, kò sì já gaara, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ ló yé ènìyàn: *wọ́n ti dá mi dúró … oṣù mẹ́rin … mò ń bá wọn ru ẹrù … má jẹ́ kí ọmọ gbọ́.* Lẹ́yìn náà, ẹkún ọkùnrin, tó ń bò ó mọ́nú, tí kò ṣeé bò. Nọ́ọ̀sì tẹjú mọ́ ilẹ̀, ó di aṣọ rẹ̀ mú ní orúnkún. Ìyá bo ojú. Bàbá nìkan ló dúró ṣánṣán títí orin fi bẹ̀rẹ̀, títí ó fi parí.

"Ọjọ́ wo ló wà lára rẹ̀?"

Àkọ́bí sọ ọjọ́ náà. Ó ju oṣù mẹ́sàn-án lọ kí Ìràwọ̀ Ọ̀sán tó mọ orin kankan tó jọ ọ́.

"Fi kún un. Gbogbo rẹ̀, má gé e. Wàyí o, kọ ohun tí mo bá wí. Orin yìí kì í ṣe orin àtijọ́. Ọmọ mi ló kọ ọ́. Èmi tó kọ ọ́ fún ṣì wà láàyè. Irọ́ ni mo ń pa nílé, ọmọ mi sì pa tirẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kó lè bo tèmi. Ẹni tó bá fẹ́ jó o, kó wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀."

Àkọ́bí ń kọ, omi ojú ń já lu fóònù, ó ń fi apá nù ún. Ó kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sí ibi ti ẹlẹ́rìí. Ó dé àlàfo tó kẹ́yìn, ó dúró.

"Kí ló kù?"

"Wọ́n ní iṣẹ́ ẹlẹ́rìí."

"Dírẹ́bà," ìyá yára sọ. "Kọ dírẹ́bà. Dírẹ́bà náà ni wọ́n."

Nọ́ọ̀sì mi orí kíá. "Dírẹ́bà ni, ta ni kò mọ̀?"

Bàbá na ọwọ́, ó gba fóònù. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń yára tẹ̀ ẹ́. Ó ń fi àtàǹpàkò rẹ̀ tó le wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á jáde bí ó ti ń tẹ̀ ẹ́, títí ó fi pé: *aláàrù*. Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ó bi ọmọ rẹ̀ pé èwo ni wọ́n ń tẹ̀ kó lè lọ, Àkọ́bí fi hàn án, òun fúnra rẹ̀ ló sì tẹ̀ ẹ́.